Olólùfẹ́ Mi Kan Ṣoṣo

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kọ̀ǹpútà ilé mi fi tì mí mọ́ta. Àná ló tó ṣílẹ̀kùn, ìyá ìyàwó mi kò sì tíì rẹ́rìn-ín tán. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́ fúnra mi, torí bí òun bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín, á ti fi iyọ̀ sí i.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa n'Íbàdàn. Orúkọ àwọn tó ti san owó tiransifọ́mà, àti tàwọn tó ń gba ẹ̀yìnkùlé sá fún wa, inú laptop mi ló wà. Tòkunbọ̀ ni. Computer Village n'Íkẹjà ni mo ti rà á, Windows 7 ló gbé wá, mo sì sọ ọ́ di Windows 10 nígbà tí Microsoft ń fi í tọrẹ láàárín 2015 sí 2016. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́. Bí iná bá lọ, òun náà lọ nìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀, eruku ọyẹ́ ti bo kíbọọ̀dù rẹ̀, mo bá mú àkísà, mo nù ún dáadáa, mo tẹ̀ ẹ́ wọ gbogbo kọ̀rọ̀ bí ẹni ń fọ etí ọmọ. Iná lọ, iná dé. Mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù mi. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo tún un tẹ̀. Mo wo Caps Lock, kò tàn. Mo pa á, mo tàn án. Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, bí ìgbà tí àwọn bàbá wa ń fi taípìráítà kọ lẹ́tà. Rárá ni. Nígbà tó di alẹ́, mo ti gbà pé èmi fúnra mi ló yí páásíwọ́ọ̀dù padà, tí mo sì gbàgbé.

Mo pe ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tíì gbọ́rọ̀ mi dé ìdajì tó fi ní, "Ẹ gbé e wá, sà, ká fọ́máàtì ẹ̀." Inú bí mi, ó sì ṣì ń bí mi. Orí ń fọ́ ènìyàn, ẹ ní kí wọ́n bẹ́ ẹ! Fọ́tò ìsìnkú bàbá mi wà nínú ẹ̀rọ yẹn, n kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn (ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo mọ̀). Mo ní ṣé kò kàn lè bá mi wo páásíwọ́ọ̀dù náà nínú rẹ̀ ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ó sì jàre, torí kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù rárá. Lílọ̀ ló máa ń lọ̀ ọ́ bí ata, ata lílọ̀ yẹn ló ń kó pa mọ́ sínú fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní SAM. Bí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́ lọ́la, á lọ èyí náà, á fi ata tuntun wé ti àtijọ́. Bí méjèèjì bá bára mu, ó ṣílẹ̀kùn. Ta ló fẹ́ kó ata lílọ̀ jọ kó padà di odindi tàtàṣé?

Ọmọ àbúrò mi sọ ọgbọ́n mìíràn fún mi: kí n ra fúláàṣì 8GB, kí n kó Windows sí i, kí n fi í jí ẹ̀rọ náà, kí n wá gba ẹ̀yìn fún un ní páásíwọ́ọ̀dù tuntun. Mo ra fúláàṣì. Àárọ̀ Àìkú ni mo fẹ́ ṣe é, kí ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló kó bá mi.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún yín. Bí ẹ bá ṣi páásíwọ́ọ̀dù tẹ̀, Windows máa ń ta yín lólobó, olobó tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ lọ́jọ́ tí ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù náà sí i. Èyí tí mo kọ ni: "ololufe mi kan soso." Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń fi ara bo ojú kọ̀ǹpútà yẹn bí ẹni ń jẹ ẹran lásìkò ààwẹ̀.

Ìyàwó mi gba ẹ̀yìn wọlé, ó rí i. Ojú rẹ̀ tàn. "Bàbá Tọ́lá, ṣé èyí ló ń dà yín láàmú látàná? Ẹ sún." Ó jókòó, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀, jumoke, ó sì fọwọ́ lé e bí ẹni fi òǹtẹ̀ lu ìwé.

Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó tún un tẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó wá kí wa láti ọjọ́ Ajé, gbé abọ́ ẹ̀pà rẹ̀ wọlé, ó ní òun kò dá sí ọ̀rọ̀ tiwa o, ó sì fa àga sún mọ́ wa. A dán orúkọ ìyá mi wò. A dán ti Tọ́lá wò. Tọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní kí á dán orúkọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù mi wò, ìyá rẹ̀ sì wò mí bíi pé ìyẹn ì bá tiẹ̀ sàn.

"Ẹ rọra ronú," ìyàwó mi ní. "Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Òógùn bò mí. Ohun tí ọpọlọ mi sì ṣe, n kò tíì dárí jì í. Ó rántí ọdún 2003, sáíbà kafé tí a ti ń ra wákàtí kọ̀ọ̀kan bí ẹni ra ẹ̀kọ, àti páásíwọ́ọ̀dù tí mo ń fi ṣí Yahoo nígbà yẹn. Bóyá èyí àtijọ́ ni mo lò! Mo tẹ̀ ẹ́ wéréwéré. Àmì dúdú róbótó mẹ́rin péré ni yóò hàn, ta ni yóò mọ̀?

Ṣùgbọ́n Windows 10 ní àmì ojú kékeré kan létí ibẹ̀. Bí ẹ bá fi máòsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ká aṣọ kúrò lórí ohun tí ẹ tẹ̀. Mi ò mọ̀. Tọ́lá mọ̀. Kó tó di pé mo tẹ Enter, ọmọ ti na ọwọ́ sí máòsì.

sade.

Ó mọ́lẹ̀ kedere bí orúkọ ilé ìtajà.

"Dádì, ta ni Ṣadé?"

Ẹ̀pà dúró lẹ́nu ìyá ìyàwó mi. Mo ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni la ti mọra, mo ní ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ mẹ́rin. "Ẹ tún mọ iye ọmọ," ìyàwó mi ní. Ó gba kíbọọ̀dù lọ́wọ́ mi. Ó fẹ́ tẹ orúkọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí Tọ́lá tẹ ojú yẹn, kí Màmá lè fi ojú ara wọn rí orúkọ tí kọ̀ǹpútà ọkọ òun kọ̀.

14062e.

"Nọ́ńbà fóònù ta nìyí?" Màmá bèèrè.

Tọ́lá ló tún rí i. Ó tọ́ka sí àwọn nọ́ńbà kéékèèké tí wọ́n kùn sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà lórí kíbọọ̀dù. Laptop kékeré kò láyè fún apá nọ́ńbà lọ́tọ̀, nítorí náà iṣẹ́ méjì ni wọ́n gbé ka àwọn lẹ́tà kan lórí. Bí Num Lock bá wà ní títàn, J, K àti L á di 1, 2 àti 3. U, I àti O á di 4, 5 àti 6. M á di òdo. Àkísà mi ló tàn án ní Ọjọ́bọ̀. Nínú gbogbo orúkọ ìyàwó mi, e nìkan ló bọ́. Orúkọ Ṣadé ńkọ́? Kò sí ẹyọ lẹ́tà kan níbẹ̀ tí Num Lock fọwọ́ kàn.

Ẹni tó sì ṣe Windows, ó rántí kìlọ̀ fún wa bí Caps Lock bá wà ní títàn. Num Lock, tó fẹ́ tú ilé mi ká, kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àmì dúdú mẹ́fà ni jumoke, àmì dúdú mẹ́fà ni 14062e. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀?

Mo pa Num Lock. Mo tẹ jumoke. Ó ṣí, ó ń kí mi káàbọ̀. Mo yíjú sí ìyàwó mi bí ẹni tó jàre ní kóòtù. "Ṣé o rí i? Ìwọ náà ni! Láti ọjọ́ yìí wá!"

Ó ní òun rí i. Ó ní kí n dìde, òun fẹ́ yí páásíwọ́ọ̀dù padà, kò dáa kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì sọ tuntun fún mi. Òun ló ń bá mi ṣí i bí mo bá fẹ́ ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ yìí, kí n tó lọ sí ìpàdé, mo dá dán an wò nígbà tó wà ní báluwẹ̀. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ta mí lólobó:

"e bi sade."