Ọ̀gbẹ́ni Mo-ti-débẹ̀-rí

Kò sí àdúgbò kan nílẹ̀ Yorùbá, ìbáà ṣe ní ìlú ńlá tí ariwo ọkọ̀ kì í dákẹ́ lójú títì rẹ̀, ìbáà sì ṣe ní abúlé tí gbogbo ará ibẹ̀ ti ń jùmọ̀ pọn omi nínú odò kan ṣoṣo, tí a kò ní bá irú ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹni tí ó jẹ́ pé bí a bá dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì kan, tàbí mọ́ṣáláṣí kan, tàbí orí òkè kan tí wọ́n ti ń gbàdúrà, tàbí ojúbọ kan tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà, kí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tó dé ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun yóò ti gbà á lẹ́nu rẹ̀, yóò sì wí pé, "Mo ti débẹ̀ rí." Ẹni tí mo mọ̀ jù lọ nínú irú wọn ń gbé ní Abẹ́òkúta, ọmọ Líṣàbí pọ́ńbélé ni, ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ kò sì jìnnà sí Aké. Àwọn ọmọ àdúgbò ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n sì máa ń kì í lẹ́yìn bí ó bá ti kọjá tán pé: Mo-ti-débẹ̀-rí, arìn-gbogbo-ọ̀nà-má-wọlé, ajókòó-ẹnu-ọ̀nà-retí-ìbùkún, ẹni tí ó mọ orin gbogbo ìjọ, tí kò mọ ẹsẹ kejì ìkankan nínú wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé aláìgbàgbọ́ ni. Mo mọ àwọn aláìgbàgbọ́ díẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn, wọn kì í sì í fi agogo jí aládùúgbò wọn ní ìdájí. Ti ọ̀gbẹ́ni yìí yàtọ̀, nítorí pé ohun gbogbo ni ó gbàgbọ́: ó gba Bíbélì gbọ́, ó gba Kùránì gbọ́, ó gba Ifá gbọ́, ó gba àlá gbọ́, ó sì gba ẹyẹ tí ó bá ké lóru gbọ́, bí ó bá sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tí ó rọ fìlà sẹ́yìn, tí ó ti fi pákò bẹnu, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò fi parí àríyànjiyàn gbogbo ẹlẹ́sìn tí ó bá wà níbẹ̀: "Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa ń sìn. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ." Ọ̀rọ̀ náà dára, bí àgbà bá sì sọ ọ́ létí mi, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ ná.

Ìjọ Aké ni wọ́n bí i sí, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré lójú Ẹ̀gbá, nítorí pé láti 1843 tí Henry Townsend ti wọ Abẹ́òkúta, tí Ṣódẹkẹ́ akọni gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ni ìdílé tí ó bá ti di ti Aké ti ń gbé orí sókè. Bàbá rẹ̀ fi Bíbélì Yorùbá ńlá kan sílẹ̀ fún un, irú ìwé tí odindi rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní 1884 lẹ́yìn tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún làágùn lórí rẹ̀. Ní ẹ̀yìn èèpo rẹ̀ ni bàbá náà sì fi gègé kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì sí, èkíní lókè, èkejì nísàlẹ̀, pẹ̀lú ìlà kan lábẹ́ wọn. Ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì pálọ̀ rẹ̀ títí di òní. N kò rí i kí ó ṣí i rí.

Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé tí ó fi kúrò ní Aké, yóò ní Ẹ̀mí kò sí níbẹ̀ mọ́: orin wọn ń falẹ̀, ìwàásù wọn kúrú, àlùfáà wọn a sì máa wo aago. Èmi tí mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Ìkórè tí ó jáde kẹ́yìn rántí pé òbúkọ kan tí ó sanra dáadáa ni ó fà wá fún ọrẹ, ó sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga ní ìta, ó wọlé, ó jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlùfáà wá ka Mátíù orí karùn-ún, níbi tí Olúwa ti ní kí ẹni tí arákùnrin rẹ̀ bá ní ohun kan sí fi ọrẹ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí ó kọ́kọ́ lọ parí ìjà, ọ̀gbẹ́ni wa dìde ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tú òbúkọ, ó sì fà á padà sílé. Àwa tí a wà níbẹ̀ rò pé ó fẹ́ lọ parí ìjà ni.

Láti ibẹ̀ ni ó ti di ará Kẹ́rúbù àti Séráfù, ó sì ń ròyìn fún wa bí Mósè Orímọládé àti Kristiánà Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ ní Èkó ní 1925, pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tí ó bá wọn to àga, bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ pàápàá kò tíì gbéyàwó nígbà náà. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ó ní ìran wọn pọ̀ jù. Ó kọjá sí Àpọ́sítélì, ó ń sọ ti Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọkùnrin tí ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà kí Ọlọ́run tó pè é ní 1928, tí àwọn ènìyàn sì wọ́ lọ bá a pẹ̀lú ìkòkò omi ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930; òun náà gbé kẹ́ẹ̀gì omi tirẹ̀ káàkiri ilé fún ìgbà díẹ̀, ó bu díẹ̀ wọ́n ẹnu ilẹ̀kùn, ó bu díẹ̀ wọ́n ọkọ̀ rẹ̀, kí ó tó di pé ó sọ fún wa pé àwọn alàgbà ibẹ̀ ti ń dá sí ọ̀ràn ilé ọlọ́ràn.

Ìgbà tí ó di ará Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run wá ni mo wá fẹ́ràn rẹ̀ ní ti òtítọ́. Ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìtàn káfíńtà Àjàṣẹ́ náà, Samuel Bilewu Oshoffa, tí ó wọ inú igbó lọ wá igi dúdú ní 1947, tí ó sì jáde pẹ̀lú iṣẹ́ tí kì í ṣe iṣẹ́ igi mọ́, wọ̀ ọ́ lára. Ó jáwọ́ nínú sìgá tí ó ti ń fà láti ìgbà èwe rẹ̀, ó jáwọ́ nínú ọtí, kò sì fẹnu kan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fọ sùtánà rẹ̀, tí ó ń pò sítáàṣì, tí ó sì ń lọ̀ ọ́ títí ìlà rẹ̀ fi mú. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọ̀dà ojú títì bá ti yọ́, ẹ óò rí i tí ó ń bọ̀ ní ẹsẹ̀ lásán, tí ó ń gbé ẹsẹ̀ kan kánkán kí ó tó sọ èkejì kalẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò kánjú rárá bí ó bá di ọ̀rọ̀ ìkíni: gbogbo ẹni tí ó bá jókòó síta ni yóò dúró kí, kí wọ́n lè rí ẹsẹ̀ náà dáadáa.

Ní òru kan, nígbà ìsìn tí mo bá wọn lọ wòran, Ẹ̀mí gbé wòlíì obìnrin kan tí wọ́n rán wá láti ìlú mìíràn, tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó yí, ó gbọ̀n, ó sì wí pé ẹnì kan wà nínú agbo tí òun rí ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin àti kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹni náà fún ọmọ bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀, kí ilẹ̀kùn tí ó ti ń kàn láti ọjọ́ yìí lè ṣí. Alàgbà tí ń kọ ìran sílẹ̀ béèrè ta ni ọ̀rọ̀ náà bá mu. Gbogbo ojú wo ilẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni wa pàápàá mi orí, ó sọ sí mi létí pé, "Ẹ ò rí bí ayé ṣe burú tó." Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, bàtà aláwọ̀ dúdú, tí a fi póólíṣì kùn, ni ó wọ̀ kọjá níwájú ilé wa.

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin náà kì í ṣe ohun àṣírí. Bàbá wọn ni ó kọ́ wọn sí iwájú ilé, wọ́n kọjú sí títì, aránṣọ wà nínú ọ̀kan, onígàrí wà nínú ọ̀kan, àwọn méjì tí ó kù sì ń jẹ́ ti ẹni tí ó bá kọ́kọ́ san owó ọdún méjì. Ọ̀gbẹ́ni Mo-ti-débẹ̀-rí ni ó ń gba owó náà láti ìgbà tí bàbá ti re ibi àgbà ń rè. Àbúrò rẹ̀, ọbàkan rẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní ìlà kejì ẹ̀yìn Bíbélì yẹn, ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé ní Ṣágámù, ó sì ń san owó ilé fún onílé.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni ó kàn. Ààfáà kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú un lọ sí àsàlátù òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, irú èyí tí ẹgbẹ́ NASFAT ti sọ di gbajúmọ̀ láti 1995, inú rẹ̀ sì dùn nítorí pé àkókò kan náà ni ó bọ́ sí pẹ̀lú ti ìjọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó ti fi sílẹ̀, kò ní láti yí ìṣe rẹ̀ padà. Ó ra fìlà alárà, ó ra tẹ̀sùbáà, ó bá wọn jẹ sààrì fún ọjọ́ díẹ̀ nínú ààwẹ̀ Rọmọdáànù. Jíjẹ sààrì kò ṣòro fún un, ọ̀sán tí ó tẹ̀ lé e ni ó ṣòro. Lèmọ́ọ̀mù wá bẹ̀rẹ̀ wáàsí lórí ogún pínpín, ó ṣí Súrà kẹrin, ó ṣàlàyé bí Allah fúnra rẹ̀ ti ya ìpín olúkúlùkù sọ́tọ̀ nínú ohun tí òkú bá fi sílẹ̀, tí kò fi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n láti fi ojú wọ̀n. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀gbẹ́ni wa ní èdè Lárúbáwá ṣòro fún àgbàlagbà.

Ìgbà náà ni ó padà sí ohun tí ó ń pè ní ìpìlẹ̀. Mo bá a lọ sí ilé babaláwo náà ní Ìtòkò, nítorí pé ó fẹ́ kí ẹnì kan rí i pé òun kò tijú àṣà àwọn baba òun. Gbogbo ẹni tí ó bá ti dáfá rí ni ó mọ̀ pé kì í ṣe babaláwo ni a ń sọ ẹ̀dùn ọkàn wa fún. Owó ni a ń sọ ọ́ sí létí, a ó sì fi owó náà sílẹ̀ níwájú Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín, akéréfinúṣọgbọ́n. Ó sọ̀rọ̀ náà sí owó pẹ́. Bàbá náà ju ọ̀pẹ̀lẹ̀, ó wò ó, ó ní kí ó di ìbò mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó tún ọ̀pẹ̀lẹ̀ jù, ó sì dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó wí pé ẹbọ wà, ewúrẹ́ kan ni, àti obì, àti epo, ṣùgbọ́n pé Ifá kò ní gba ewúrẹ́ náà títí a ó fi jẹ́ kí ẹnì kan tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà jẹ nínú ohun tí bàbá fi sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Mo-ti-débẹ̀-rí wo ìbò ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ti òsì. Ó dúpẹ́. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn odi ilé náà, ó ní Ifá dára, òtítọ́ ni Ifá, ṣùgbọ́n babaláwo yìí kéré lọ́jọ́ orí.

Nígbà tí mo wí fún un pé ṣíṣí kiri yìí ti pọ̀, ó fi òwe dá mi lóhùn, ó ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ó sì tún fi èkejì lé e pé àwọn baba wa náà ni wọ́n sọ pé, òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi. Òtítọ́ ni, wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún òrìṣà láyé ìgbà náà ti kọ́kọ́ pa èèwọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọmọ Ọbàtálá tí kì í mu ẹmu kì í mu ún láti kékeré títí dé ogbó, ìbáà ṣe ọdún tí iṣu ta, ìbáà ṣe ọdún tí ọ̀dá dá, bí ó bá sì wá ní ẹ̀sùn kan sí òrìṣà rẹ̀, gbèsè kò sí lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ó ń rojọ́. Ti ọkùnrin yìí kì í ṣe pé òrìṣà kò gbè é. Gbogbo wọn ni wọ́n dá a lóhùn. Ohun kan náà sì ni gbogbo wọn sọ, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń tẹnu mọ́ ọn lábẹ́ igi máńgòrò.

Èyí tí ó burú jù ni pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Kò fura sí Ọlọ́run, ọlọ́wọ̀ ènìyàn ni. Ìyàwó rẹ̀ ni ó fura sí, Ìyá Ṣọlá, obìnrin tí kò kúrò ní Aké rí, tí ó ń kọrin láàárín àwọn ìyá ìjọ, tí kì í sì í bá a lọ ibikíbi. Ó gbà pé ẹnì kan ni ó ń ṣáájú òun lọ sọ ọ̀rọ̀ òun fún àwọn wòlíì. Obìnrin náà gbọ́ ẹ̀sùn yìí níwájú mi, ó sì ń ṣa ẹ̀wà lọ.

"Bàbá Ṣọlá," ni ó wí, kò gbé ojú sókè, "ṣé èmi náà ni mo lọ sọ fún Mátíù?"

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ẹnì kan ròyìn òkè àdúrà kan fún un lápá Èkìtì, pé ìyanu ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, pé àwọn arọ ń fi ẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sọ pé òun ti débẹ̀ rí. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bóyá wòlíì ibẹ̀ ní ìbátan kankan ní Abẹ́òkúta. Mo ní bí mo ti gbọ́ ọ, ọkùnrin náà kò kúrò ní Èkìtì rí láyé rẹ̀. Ó bi mí bóyá ó ní ìbátan ní Ṣágámù. Mo ní n kò rò bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó sì ní kí n bá òun béèrè iye tí ọkọ̀ ń gbà dé ibẹ̀, ní àlọ nìkan, nítorí pé bí wòlíì náà bá jẹ́ ẹni Ọlọ́run ní tòótọ́, kò sí ohun tí ó tún ń fa òun padà wá sílé kí oṣù tó parí, àfi owó ṣọ́ọ̀bù.