Àlejò Òfurufú, Ẹ Yà ní Ààfin Ná

Ní Lọ́ńdọ̀nù, tí mo bá sọ pé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ, wọn á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn á ní ó dára o, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò. Ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í tán síbẹ̀. Wọn á ní kí n jókòó. Wọn á bi mí pé èló ni wọ́n ń san lórí ẹ̀. Bí mo bá ti dárúkọ iye náà, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́ bí ibi tí wọ́n ti túfọ̀, ẹnì kan á wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá iṣẹ́ tíṣà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ó wà lọ́wọ́ mi. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù lójú ọ̀sán. Òru ni mo fi ń kọ ìtàn. Ẹfíkò sì ni mí láti kékeré. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù, èmi ń ṣírò iye àkókò tí ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde yóò fi dé òṣùpá. Òṣùpá jìnnà tó nǹkan bí kìlómítà 384,000. Ẹni tó bá ń sáré kìlómítà 15 ní wákàtí kan, tí kò sùn, tí kò jẹun, kò ní lò tó ọdún mẹ́ta. Mo sáré gbé ìṣirò náà lọ fún bàbá mi. Wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ní, "Fọ́káníṣà wà lójú ọ̀nà ibẹ̀?"

Irú ìbéèrè yìí ni ilé fi ń pa mí. Wọn kì í bá èèyàn jiyàn pé ohun tó sọ kò lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbà pé ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́la. Ìnáwó rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbọ́.

Iṣẹ́ tíṣà náà yàtọ̀ síra níbi méjèèjì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ní Lọ́ńdọ̀nù á pè mí ní "Sà", á sì tún sọ fún mi lẹ́nu kan náà pé ẹ̀kọ́ mi ń mú oorun wá. Èmi ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1986 ti gba pàṣán lọ́wọ́ tíṣà ilé ìwé ìjọba níbẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ èmi ní òòfà ilẹ̀ nílé kò nílò àwòrán rárá: ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wọn, ó sì ń já bọ́ sí ìdí wa. Nílé kan náà ni wọ́n ti ń sọ pé ọ̀run ni èrè tíṣà wà. Nínú gbogbo tíṣà tí mo mọ̀, èmi nìkan ló ń ya àwòrán ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ gbà á.

Nínú yàrá tíṣà, bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí, tí mo sì ń kọ nípa òfurufú, ẹnì kan kò ní ṣàì rántí lẹ́tà jìbìtì yẹn tó ń kiri orí íméèlì láti bí ogún ọdún sẹ́yìn: pé sójà òfurufú Nàìjíríà kan há sí ibùdó ìkọ̀kọ̀ àwọn Soviet lókè lọ́hùn-ún láti 1990, pé owó oṣù rẹ̀ tó ti ń ṣẹ́ jọ ti sún mọ́ mílíọ̀nù 15 dọ́là, ẹni tó bá fẹ́ bá wọn gbé e wálẹ̀, kó tètè fèsì. Mo ti fi ojú òǹkọ̀wé ka lẹ́tà náà. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ó ní akọni, ó ní ìṣòro, àkókò sì ń lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dùn mí pé olè ni ẹni tó kọ ọ́ fi ẹ̀bùn rẹ̀ jà. Ó tún dùn mí díẹ̀ pé àwọn tó ti kà á pọ̀ fíìfíì ju àwọn tó ka tèmi lọ.

Òótọ́ tiwa kò pariwo tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà gbé sátẹ́láìtì wa, NigeriaSat-1, lọ sókè láti Plesetsk. Guildford, tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti kàn án, àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya àwòrán ilẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí ní kíláàsì, ọmọ kan béèrè bí àwòrán rẹ̀ ṣe mọ́ tó. Mo ní mítà 32 ni. Ohun tó bá kéré sí ìyẹn kò ní hàn. Ó ní fóònù òun dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tán.

Nígbà tí mo sọ ọ́ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, àbúrò màmá mi tó ń ta gàrí gbé korobá ìwọngàrí sílẹ̀.

"Ó ń wò wá látòkè?"

"Ó ń wò wá nígbà náà, Màmá."

"Ó wá rí i pé tiransífọ́mà wa ti bú?"

Mo ṣàlàyé pé ohun tí kò bá tó mítà 32 kò lè hàn sí i.

"Tíṣà," ni wọ́n wí, "àwọn oníná náà ò rí i, ilẹ̀ níbí sì ni wọ́n wà."

Òyìnbó fẹ́ràn láti máa pín nǹkan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ilé ìtàwé wọn, pẹpẹ ọ̀tọ̀ ni ti ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ ni ti iwin, wọn a sì máa bi mí pé èwo ni tèmi. Èwo wá ni ti Amos Tutuola? Ọmọ Abẹ́òkúta tó ṣe mẹ́sẹ́ńjà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó ni, ìwé rẹ̀ My Life in the Bush of Ghosts sì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1954. Iwin obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: ó na ọwọ́, ọmọ tó sọnù sínú igbó sì rí ìyá rẹ̀ nílé. Tẹlifíṣọ̀n kò tíì dé Nàìjíríà nígbà náà. 1959 ni WNTV tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Lónìí, àtẹ́lẹwọ́ ni èmi náà ti ń rí àbúrò màmá mi láti Lọ́ńdọ̀nù, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà. Ẹ wá bá mi wá pẹpẹ tí a ó gbé ìyẹn sí.

Mo máa ń to àwọn baba iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn ará ilé, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló ń fi iṣẹ́ kan bọ́ èkejì. Mo ní Fágúnwà, tó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, tíṣà ni wọ́n. Mo ní Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fi Rosewater gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019, dókítà àrùn ọpọlọ ni.

"Dókítà?" ni wọ́n dáhùn. "Kí ló wá dé tí ìwọ ò ṣe dókítà?"

Ní oṣù kẹjọ 2024, àpéjọ àgbáyé àwa olólùfẹ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì wáyé ní Glasgow, mo sì lọ. Àwọn èèyàn múra bí ẹni tó ti ayé mìíràn wá: irun aláwọ̀ ewé, etí ṣóńṣó, idà tó ń tàn yòò. Èmi wọ agbádá tí mo rán fún Ojúde Ọba, mo dé fìlà, mo rò pé èmi nìkan ni mi ò múra eré níbẹ̀. Obìnrin kan tó fi ọ̀dà aró kun ojú wò mí látòkè délẹ̀, ó ní aṣọ mi wú òun lórí, inú sinimá wo ni mo ti wá?

"Ìjẹ̀bú," ni mo ní.

Ó ní òun ò tíì wò ó. Mo bá ṣí fóònù, mo fi Ojúde Ọba ti oṣù kẹfà ọdún náà hàn án: àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, Farooq Oreagba lórí ẹṣin tiẹ̀ pẹ̀lú sìgá ńlá lọ́wọ́, àwòrán tó ti yí ayé po. Obìnrin náà dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá béèrè pé èló ni wọ́n ná láti ṣe gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kì í bá ṣe ọ̀dà aró yẹn, ǹ bá ní ẹbí mi ni.

Ìtàn tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, ọdún 2090 ni. Àwọn àjèjì láti inú ìràwọ̀ kan balẹ̀ sẹ́bàá Erédò Sùǹgbọ́, yàrà àtayébáyé tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká tó bíi kìlómítà 160, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ dé orí ògiri. (Àwọn tó gbẹ́ ẹ kò ní katapílà. Òun gan-an tó ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì.) Láti ibẹ̀, wọ́n gba inú òkùnkùn wọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, wọ́n lọ bá ọ̀dọ́mọbìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan. Olóòtú mi ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ náà lágbára. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo gbé e délé, mo ń kà á ní Yorùbá fún àbúrò màmá mi nídìí gàrí wọn.

"Dúró ná. Òru ni wọ́n wọ̀lú?"

"Òru ni, Màmá."

"Ta ni wọ́n kọ́kọ́ lọ kí?"

Mo ní wọn ò kí ẹnikẹ́ni, ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin yẹn ni wọ́n lọ tààrà.

"Wọ́n kọjá láàfin Ajalọ́run, wọn ò yà? Wọn ò mú ṣínáàpù dání? Wọ́n ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ti inú ìràwọ̀ wá, wọn ò ní èyí tí wọ́n á fi béèrè ọ̀nà ààfin?" Wọ́n bu gàrí fún oníbàárà kan, wọ́n gba owó, wọ́n kà á. "Oṣù wo ni?"

"Oṣù keje."

"Tó bá wá bọ́ sí àsìkò Agẹmọ ńkọ́? Ta ló ní kí ọmọbìnrin rẹ wà níta?"

Mo padà sí Lọ́ńdọ̀nù, mo kọ orí tuntun kan. Nínú rẹ̀, àwọn àjèjì jókòó sí àgbàlá ààfin láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí, tí wọ́n ń dúró de Kábíyèsí. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n ní, ìjòyè méjì sì ń bá ara wọn jiyàn lórí èyí tó yẹ kí wọ́n ká lábẹ́ bí wọ́n bá ń dọ̀bálẹ̀. Olóòtú mi fèsì lọ́jọ́ kejì. Ó ní orí yẹn ló dára jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ, kí n yọ ojú ìwé tí mo ti ṣàlàyé bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kúrò, kí n sì bá òun wá irú rẹ̀ mìíràn. Mo pe àbúrò màmá mi kí n lè dúpẹ́.

"Èló ni tèmi níbẹ̀?"

"Màmá, ìwé náà ò tíì jáde."

"Kò burú. Kọ ọ́ sílẹ̀ kó má bàa di ìjà. Ọ̀nà mẹ́ta la ó pín in sí. Ọ̀kan tìẹ, ọ̀kan tèmi."

"Ọ̀kan tó kù ńkọ́?"

"Ti Kábíyèsí ni. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí, ọ̀fẹ́ lo rò pé wọ́n jókòó síbẹ̀?"