Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Tísà ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìdá lọ́gọ́rùn-ún, èlé orí owó, èrè àti àdánù, mo fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ Ìbàdàn kan tí wọ́n ti di ọ̀gá báńkì lónìí. Ìdí nìyí tí ìtìjú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí fi pọ̀. Ká ní tísà Bíbélì ni mí, ẹ̀ bá ní bàbá ò mọ̀ ọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi pàṣán kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, tí òun fúnra rẹ̀ wá gba òdo níwájú Kọ́sítọ́ọ̀mù, àfi kó yáa fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kí àwọn ọmọ tó nà tó gbọ́ ọ níbòmíràn.

Àwọn àwo rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá mi ló kó mi sí i. Nígbà tí à ń pín ogún, àwọn ẹ̀gbọ́n mi mú ilẹ̀, wọ́n mú ilé, wọ́n wá ní èmi ni mo mọ̀wé, kí n máa kó àwọn àwo lọ. Hárúnà Ìṣọ̀lá wà níbẹ̀, Yúsúfù Ọlátúnjí wà níbẹ̀, Àyìnlá Ọmọwúrà náà ò gbẹ́yìn, ṣùgbọ́n eku ti bímọ sínú rédíógírámù tí bàbá fi ń gbọ́ wọn. Ní January 2024, mo rí ẹ̀rọ àwo tuntun kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ òǹtajà kan ní Amẹ́ríkà. Iye rẹ̀ jẹ́ 120 dọ́là, owó ìkẹ́rù jẹ́ 80. Mo san 200, mo nara, mo ní ó parí.

Onígbàjámọ̀ mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé owó ibodè ń bẹ lọ́nà. Òun náà ló júwe oògùn rẹ̀. Ó ní kí n bẹ òǹtajà kó kọ ọ́ sára páálí pé ẹ̀bùn ni, kó sì kọ 20 dọ́là síbi tí wọ́n ń kọ iye sí. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń gé irun mi ni mo ti gba ìmọ̀ràn òfin. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Òǹtajà ò bá mi jiyàn. Mo bá mú bírò, mo fi owó ibodè sí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún: 20% nínú 20 dọ́là, dọ́là mẹ́rin. Nǹkan bíi ₦952 ni Kọ́sítọ́ọ̀mù ń ṣírò dọ́là kan nígbà náà. Ó di ₦3,808. Nígbà tí iléeṣẹ́ tó gbé ẹrù pè mí pé ó ti dé Ìkẹjà, mo fi ₦5,000 sápò, yàtọ̀ sí owó ọkọ̀, mo sì ti mọ ìdí ṣúyà tí màá ti ná ṣẹ́ńjì rẹ̀.

Obìnrin kan tó wọ aṣọ Kọ́sítọ́ọ̀mù ló gbé páálí mi sórí tábìlì. Kò tíì tó àkọ́bí mi lọ́jọ́ orí.

“Bàbá, ẹ kú ìrìn o. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ̀bùn ni.”

“Ẹ̀bùn ni, ọmọ mi.”

“Ta ló fi í ránṣẹ́ sí yín?”

“Ọ̀rẹ́ mi kan ní Amẹ́ríkà.”

“Kí lorúkọ wọn, sà?”

N ò tíì ro ọ̀rọ̀ débẹ̀. Mo gbójú sókè wo fáànù. Fáànù ń yí, kò sí orúkọ kankan tó jábọ́ nínú rẹ̀. Ó fi abẹ la páálí, ó tọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ fóòmù tó di ẹ̀rọ náà mú, ó sì fa ìwé kan yọ tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Ó tú u, ó kà á, ó wá yí ojú ìwé náà sí mi. Orúkọ òǹrajà: tèmi. Iye tó san: 120 dọ́là.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ fún ara yín lẹ́bùn o.”

Àwọn éjẹ́ǹtì tó ń bá ènìyàn gba ẹrù, tí wọ́n tò sẹ́yìn mi, fi ẹ̀rín pa ara wọn. Ó ní ká ní òun fẹ́ tẹ̀lé òfin dé góńgó ni, ẹni tó bá purọ́ iye ọjà lè pàdánù ọjà ọ̀hún pátápátá. Ewú orí mi lòun wò. Ló bá na bírò àti ìwé pélébé sí mi. “Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é, sà.” Ohun tí èmi náà máa ń sọ fún ọmọ tó bá gba òdo nìyẹn gan-an.

Mo kọ 120. Ó ní kí n kọ 80 sí abẹ́ rẹ̀.

“Owó ìkẹ́rù kẹ̀? Ṣé mo ra ọkọ̀ òfuurufú náà mọ́ ọn ni?”

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é: iye ọjà, owó ìkẹ́rù, àti owó adójútòfò bí ó bá wà, gbogbo wọn ni wọ́n ń rò pọ̀ kí wọ́n tó bu ìdá kankan nínú rẹ̀. Láti 2015 ni Nàìjíríà ti ń lo àtẹ owó ibodè kan náà pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS. Ipele márùn-ún ló ní: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kòṣeémáàní ń bẹ nísàlẹ̀ níbi òdo, ohun èlò iṣẹ́ ọwọ́ tẹ̀ lé e, ọjà tí a rà láti lò bíi tèmi sì ga jù wọ́n lọ. Èmi bọ́ sí 20. 20% nínú 200, 40 dọ́là.

Mo ní ó tán. Ó ní ó ku VAT, owó orí ọjà. Mo mọ VAT, 7.5% ni láti 2020. Mo tètè ṣírò rẹ̀ lórí 200, mo ní 15. Ó mi orí. Ó ní orí 200 pẹ̀lú 40 ni, nítorí owó ibodè náà ti di ara ọjà. Ó di 18. Ìyẹn ni pé owó tí mo san fún ìjọba, mo tún sanwó lórí rẹ̀ fún ìjọba. Lẹ́yìn náà ni àwọn wẹ́wẹ́ wá ń wọlé: 7% lórí owó ibodè fúnra rẹ̀, 1% fún àbójútó ọjà tó ń wọlé, 0.5% fún ECOWAS. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Èyí tó wá bu iyọ̀ sí egbò ni ti náírà. Ìgbà tí ẹrù mi ń bẹ lójú ọ̀run ni February wọlé, dọ́là tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ń ṣírò ní ₦952 sì fò lọ sí nǹkan bíi ₦1,357. 40 àti 18 jẹ́ 58. Ẹ sọ ọ́ di náírà, ₦78,706, láì tíì ka àwọn wẹ́wẹ́. Mo wo ₦5,000 ọwọ́ mi. Òun náà wò mí.

Mo padà sí Ìbàdàn lọ wá owó. Ẹrù tó bá sì sùn sí àká wọn, owó ìsùn ló ń san, ẹrù mi ò sì mọ oorun dá. Nígbà tí mo gbé e délé, mo bá iná ọba, èyí tó yẹ kó ti fu mí lára. Mo kì í bọ iná. Kàkà kí Hárúnà kọrin, èéfín ló jáde. Iná 120 fóòtì tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, tiwa sì ń lọ sí 230. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-ún-ṣe kan ní Ògúnpa. Ó tú u wò, ó kánjú sọ pé ó ṣeé tún ṣe, ó wá nawọ́ sí orí pẹpẹ rẹ̀. “Ṣùgbọ́n bàbá, kí lẹ ṣe ń wá irú èyí lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Tòkunbọ̀ Jámánì rèé, ₦40,000, kò sì nílò tiransifọ́mà.” Mo ní mò ń bọ̀. N ò tíì padà kọjá ní iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ẹ ó rò pé mo ti gbọ́n. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí màmá mi fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́rùn-ún ọdún ó dín mẹ́wàá, mo ní èmi ni màá bójú tó ohun tí a ó pín fún àlejò. Mo ní kí wọ́n ṣe bírò wá láti Ṣáínà, àwòrán màmá lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ wọn gàdàgbà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ iye tó jẹ́ òótọ́. Mo ro owó ìkẹ́rù mọ́ ọn. Mo ṣírò VAT lórí owó ibodè. Mo béèrè iye tí dọ́là jẹ́ lọ́dọ̀ Kọ́sítọ́ọ̀mù. Mo fi owó náà sínú àpò ìwé, mo gbé e fún éjẹ́ǹtì kan, mo tún já ₦2,000 lé e. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí.

“Dádì, kò sí owó tí ẹ máa san o.”

“Mo mọ̀ pé Ọlọ́run mi ò sùn!”

“Kò sówó tí ẹ máa san torí kò lè wọlé, sà. Wọ́n fòfin dè é.”

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé tó yẹ kí n kọ́kọ́ kà. Ìwé ohun tófin dè wà lórí ìkànnì Kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹnikẹ́ni ló lè rí i. Adìẹ dídì wà níbẹ̀, sìmẹ́ǹtì inú àpò, taya àlòkù, àti aṣọ àlòkù tó kún ọjà Katangua ní Èkó fọ́fọ́. Bírò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, yàtọ̀ sí ẹnu rẹ̀. Ẹ kà á re: ẹnu bírò lè wọlé, bírò ò lè wọlé. Wọ́n ń dáàbò bo àwọn tó ń ṣe bírò nílé, ẹnu yẹn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn láti máa rà wá. Mo ṣàlàyé fún màmá mi pé wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù wa. Màmá gbọ́ mi tán, wọ́n ní, “Kí ni mo fi ṣe ìjọba tí wọ́n fi fòfin de orúkọ mi?” Abọ́ oníke láti Dùgbẹ̀ la pín.

Èyí tó kù ni mi ò bá fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n òun ló ga jù. Lọ́dún 2025, ọkùnrin kan pè mí, ó dárúkọ mi pé, ó ní Kọ́sítọ́ọ̀mù lòun, páálí kan ti wọlé lórúkọ mi, ₦45,000 ni owó ibodè rẹ̀, bí n ò bá san án kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn ó gbé e ta. Mo mú bírò. Mo ṣírò owó náà sẹ́yìn, láti orí VAT dé orí iye ọjà, ó sì bá ara mu gan-an. Ọkàn mi balẹ̀. Mo fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì tó fún mi. Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, bá mi nídìí fóònù.

“Bàbá Ìbejì, kí lẹ tún rà?”

“N ò tíì mọ̀.”

“Ẹ ò tíì mọ̀?”

“Ṣùgbọ́n mo ti san owó ibodè rẹ̀.”

Ó jókòó. Ó bi mí pé nígbà wo ni mo ra nǹkan kẹ́yìn. N ò ra nǹkan kan láti ìgbà tí bírò màmá ti há. Mo pe nọ́ńbà náà padà, ó ti kú. Òwò gbájúẹ̀ ni. Owó ibodè tòótọ́ kì í wọ àkáǹtì ẹnì kan: ìwé ìdíyelé ni Kọ́sítọ́ọ̀mù ń kọ, nọ́ńbà wà lára rẹ̀, báńkì ni wọ́n sì ń san án sí fún ìjọba. Bí iléeṣẹ́ akẹ́rù bá ti bá yín san án, ìwé yẹn náà ni kó kọ́kọ́ fi hàn yín kó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Mo mọ ìṣirò débi tí mo fi bá olè ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ̀, mo sì fún un ní máàkì.

Ní September 8, 2025, ètò tuntun kan wá bẹ̀rẹ̀: ọjà tí iye rẹ̀ kò bá ju 300 dọ́là lọ, èyí tí ènìyàn rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí tó dì sínú àpótí ìrìnàjò rẹ̀, kò ní san owó ibodè, ìgbà mẹ́rin péré lọ́dún. Ohun tófin dè ò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ àwo mi, tòun ti ìkẹ́rù, 200 dọ́là ni. Ká ní mo ní sùúrù, ì bá wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, èéfín nìkan ni ì bá kù. Mo ka ìròyìn náà sí Ìyá Ìbejì létí. Ó ní ó dáa, mẹ́rin tòun, mẹ́rin tèmi, kí n máa kó mẹ́rin tèmi bọ̀ lọ́wọ́ òun, nítorí n ò mọ̀ ọ́n lò. N ò rí èsì fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra nǹkan lálẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ohun tófin dè. Ẹ kọ iye tó jẹ́ òótọ́. Ẹ ro owó ìkẹ́rù mọ́ ọn, bí ètò tuntun yẹn ò bá sì bò ó, kí ẹ bu owó ibodè, kí ẹ bu VAT lórí méjèèjì, kí ẹ sì fi ohun kan sílẹ̀ de náírà. Ẹ wo fóòtì iná rẹ̀. Ẹ má sanwó fún ohùn orí fóònù. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá sì ju iye tí wọ́n ń tà á ní Dùgbẹ̀ lọ, ẹ wọ mọ́tò, kí ẹ lọ rà á ní Dùgbẹ̀.