Ọkọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Rìn
Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Toyota ní kí àwọn tó ra bZ4X, jíìpù tuntun wọn tó ń lo iná, jọ̀ọ́ má wà á mọ́: bóòtù tó di táyà mú lè tú, kí táyà sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ọkọ̀ bí 2,700 lọ́rọ̀ kàn káàkiri ayé. “Kọjá òdo” ni bZ inú orúkọ rẹ̀ dúró fún. Èéfín ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe iye táyà. Ẹnìkan lè ní wọ́n kúkú gbìyànjú: ní Amẹ́ríkà, wọ́n yá oníbàárà ní ọkọ̀ mìíràn, wọ́n sì ń san owó epo rẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tó ra ọkọ̀ oníná kó má baà dé ilé epo mọ́ ni wọ́n wá ń rọ epo fún. Wọ́n tún ṣèlérí iná ọ̀fẹ́ fún èyí tó dúró sójú kan, bí ẹni ń bu ọkà fẹ́ṣin tó yarọ. Ẹlòmíràn á ní bóòtù lásán mà ni. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì ní Mushin kì í tú ọkọ̀ sílẹ̀ láìtíì fẹsẹ̀ méjèèjì gun sípánà, kó fò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.