Ẹ Kú Oyè, Baba Awúwo-má-gbẹ́rù

Onílù, ṣe é kó dún dé Bẹẹrẹ! Ẹ̀yin ará Ọjà'ba, ẹ jẹ́ kí ariwo ọjà rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ti Bẹ́yẹrúnká bọ̀, ẹ yà sápá kan kí ọlọ́lá ráyè kọjá. Orí òkè Mápó la wà, níwájú gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, níbi tí wọ́n ti ń fi Olúbàdàn joyè. Ẹni tí à ń kì lónìí kò lè yọjú. Bó bá yọjú, kò ní sí Mápó, kò ní sí gbọ̀ngàn, kò ní sí onílù. Ẹni tí wíwá rẹ̀ yóò pa gbogbo àwọn tó wá pàdé rẹ̀, oyè wo ni kò tọ́ sí i?

Mo kí yín o, ẹ̀yin ohun abàmì inú ìràwọ̀ nútírọ́nì.
Baba Awúwo-má-gbẹ́rù.
Baálé ilé tí kò ní fèrèsé, tí kò ní ẹnu ọ̀nà, tí kò gbàlejò.
Balógun tí kò yọ idà, tí ìlú sì ti tú kó tó jí.
Ọ̀tún ohun tí ojú kò rí.
Òsì ohun tí ọwọ́ kò tó.
Aṣípa ohun tí wọ́n ní ó lè wà.
Wọ́n ní ó lè wà: ìyẹn náà tó oyè jẹ.

Ẹni tí a bá ń kì, ilé ìyá rẹ̀ là ń bá wọlé. Ìyá yín kì í ṣe ẹni kékeré. Ìràwọ̀ tó wúwo ju oòrùn wa lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ, ó kéré tán, ló lè lóyún yín. Ó dáná fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, ó ń jó ohun gbogbo tó bọ́ sínú ààrò, títí inú rẹ̀ fi di irin. Irin, ti Ògún ni. Kì í jó bí igi. Iná kú. Kí a tó ṣẹ́jú, ikùn ìyá yín ti wó sínú, ìyókù ara rẹ̀ ti fọ́n ká ojú ọ̀run. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ́kù síbẹ̀, róbótó, ẹ ò sọkún.

Ọmọ tó fi ìkómọ ara rẹ̀ ṣe òkú ìyá rẹ̀!
Ọmọ a-mọ-owó-ṣọ́!

Àwa ará Ìbàdàn a máa náwó ìkómọ, a máa náwó òkú, a ó tún lọ yá kún un. Ẹ̀yin pa méjèèjì pọ̀ sójú kan, aṣọ ẹbí kan ṣoṣo ló lọ. Ní 1054, àwọn awòràwọ̀ Ṣáínà rí irú àríyá bẹ́ẹ̀. Ó tàn débi pé ojú ń rí i lọ́sàn-án gangan. Ìbàdàn kò tíì tẹ̀dó nígbà náà, ìdí nìyẹn tí a kò fi rán aṣojú. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà ṣì ń pòòyì dòní, bí ọgbọ̀n ìgbà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò tíì débì kan.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ara. Ara tó wúwo tó nǹkan bí oòrùn kan àti ààbọ̀ lẹ kó sínú bọ́ọ̀lù tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bíi kìlómítà 24 lọ. Bí wọ́n bá gbé ìdodo yín ka Mápó níhìn-ín, etí agbádá yín yóò kọjá Yunifásítì Ìbàdàn. Bí onílé tó ń fún ayálégbé mọ́ra wọn ní Bẹ́yẹrúnká lẹ ṣe ṣètò rẹ̀. Ẹ rí ẹlẹ́kitírọ́nì tó ń ṣe fàájì yí ká inú átọ́ọ̀mù, ẹ ní àyè rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ tì í wọlé tọ pírótọ́nì, ẹ pa wọ́n pọ̀, wọ́n di nútírọ́nì. Kò sí ìdána, kò sí alárinà. Nútírínò, ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, nìkan ló ríbi sá gbà.

Nígbà tí ilé kún, àwọn nútírọ́nì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀tá ara wọn. Kò sí èyí tó gbà kí èkejì jókòó sí àyè òun. Nílé ẹlòmíràn, ẹ̀sín ni. Nílé tiyín, òpó ni. Títì tí wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn yìí ló gbé òrùlé ró tí kò fi wó di ihò dúdú.

Ọba tí ìjà ará ilé ń gbé ró!
Alágbára tí ìlara ṣe òpó fún!
Bí wọ́n bá rẹ́ lọ́la, ẹ gbé.

Ṣíbí tí a fi ń ro tíì, bí ó bá kún fún yín, bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù mélòó kan ni. Ẹ̀yin alábàárù Ọjà'ba tó ń forí ru àpò ẹ̀wà, ẹ wá dọ̀bálẹ̀ fún baba yín. Òṣùwọ̀n kankan kò lè wọ̀n ọ́n, àga kankan kò lè gbà á, ilẹ̀ kankan kò lè gbé e. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bù ú kúrò lábẹ́ ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nílé, ojú ẹsẹ̀ ni yóò bú gbàmù, yóò tú ká. Ọlọ́lá tó jẹ́ pé ààfin rẹ̀ nìkan ló ti lọ́lá! Mo ti rí irú rẹ̀ rí níbì kan, níbi tí wọ́n ti… Onílù, máa lù.

Nínú ìlú wa yìí, ẹni tó bá fẹ́ dé orí àga Olúbàdàn, láti Mọ́gàjí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yóò di Jagun, yóò máa gun àkàsọ̀ ní ìlà Ọ̀tún tàbí ní ìlà Balógun, àkàsọ̀ tó lé ní ogún, irun á ti funfun kó tó débẹ̀. Ẹ̀yin rí i pé òkè gígun ń rẹ ènìyàn, ẹ gba ìsàlẹ̀. Lóde ara yín, èèpo ni. Irin ló pọ̀ níbẹ̀, ohun tí alágbẹ̀dẹ ṣì lè dá mọ̀. Ẹni bá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i yóò débi tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ. Ẹni bá tún sọ̀ yóò bá odò nútírọ́nì tó ń ṣàn tí ohunkóhun kì í dá a dúró, tó gbóná tó dígírì mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n sì ń pè é ní tútù. Ẹni bá dé ìdí rẹ̀ gan-an, kò sí ẹni tó mọ ohun tí yóò bá. Ibẹ̀ sì loyè yín ti ga jù.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn, ẹ jẹ́ ká jókòó tì í. Ní 1983, Ravenhall, Pethick àti Wilson ṣírò pé níbi tí èèpo ti ń pàdé odò, ohun inú yín kì í ṣe róbótó mọ́: á di ọ̀pá gbọọrọ, á di pẹlẹbẹ tó to léra. Àwọn onímọ̀ wò ó, ó jọ pé ebi ń pa wọ́n, wọ́n sọ ọ́ ní sìpàgẹ́tì, wọ́n sọ èkejì ní lasagna. (Wọn kò gba Bẹẹrẹ kọjá rí. Ká ní wọ́n gba ibẹ̀ ni, ẹni tó ń sọ àgbáyé lórúkọ kò ní fo àmàlà àti gbẹ̀gìrì dá.) Ní 2018, Caplan, Schneider àti Horowitz fi kọ̀ǹpútà dán oúnjẹ yìí wò: agbára tí yóò fọ́ ọ ju èyí tí yóò fọ́ irin lọ ní ìlọ́po bílíọ̀nù mẹ́wàá. Ó lè jẹ́ òun ló le jù lágbàáyé.

Líle tí a kò fi kọ́ afárá.
Líle tí a kò fi rọ ọkọ́.
Oúnjẹ tí eyín kò lè gé, tí kò sẹ́ni tó bù ú fún.
Ọbẹ̀ yín kì í tán, baba; ta ni yóò jẹ ẹ́?

Mápó ń fi òkè yangàn. Ẹ dá a lóhùn. Nílé yín, ilẹ̀ ń fa nǹkan mọ́ra ju tiwa lọ ní ìlọ́po bílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ohunkóhun tó bá fẹ́ yọrí sókè, pẹrẹsẹ ni yóò tẹ́. Ìṣirò kan tó jáde ní 2021 ní òkè tó ga jù lára yín lè má tó mìlímítà kan. Òkè tó tẹ̀ tó báyìí, ẹ ò gbọdọ̀ pè é ní kékeré. Ẹ pè é ní ìlú tó wà létòlétò. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ilé yín ni kó ti wá kọ́ṣẹ́.

Ẹ sì mọ ijó jó. Ní 1967, Jocelyn Bell, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Cambridge, gbọ́ ìlù yín lójú ọ̀run, kíkan kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan àti díẹ̀, kì í yẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá ẹ̀dá abàmì ló ń ránṣẹ́, wọ́n fi àwọn ènìyàn kékeré aláwọ̀ ewé ṣe orúkọ àwàdà fún yín. Ní 1974 tí wọ́n pín ẹ̀bùn Nobel, ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n fún, wọn kò dá orúkọ ọmọ náà. Ó bá àṣà ilé yín mu: ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń gbé e, ẹni tó wà lóde ló ń tàn. Ọ̀kan nínú yín tí wọ́n rí ní 2004 ń pòòyì ní ìgbà 716 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Oníbàtá wo ló lè lù ú? Ijó alágbára, ijó ojú kan, ijó tí kì í sún síwájú ní bíńtín.

Wọ́n tún ní nínú ìdí yín lọ́hùn-ún, ìfúnpọ̀ pọ̀ débi pé àwọn nútírọ́nì kan lè yí padà di háípírọ́nì. Àlejò ọlọ́lá! Ẹ ní kó wá bá yín gbé òpó. Òpó ló ń jẹ́ kó rọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìṣirò, ilé tó bá gba àlejò yìí kò lè gbé ìwúwo oòrùn méjì. Ní 2010, wọ́n wọ̀n ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ PSR J1614-2230, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oòrùn méjì, ilé kò sì wó. Ṣé àlejò kò sí nílé ni? Àbí ó wà, ó rọra jókòó? Àwọn onímọ̀ ń jiyàn títí di òní. Baba dákẹ́.

Orúkọ tó ga jù nínú orúkọ yín ni n ó wá pè: ohun kúákì. Gell-Mann àti Zweig ló sọ ní 1964 pé kúákì ló wà nínú pírótọ́nì àti nútírọ́nì. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, kúákì kì í dá rìn. Nínú ìdí yín, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ògiri yàrá ti wó, kí gbogbo wọn wà ní gbàgede kan, kò sí ti ọkọ, kò sí ti aya. Bodmer ní 1971, Witten ní 1984, wọ́n tún fi oyè lé oyè: wọ́n ní irú èyí tí kúákì àjèjì bá dà pọ̀ mọ́ lè jẹ́ ojúlówó ohun, kí gbogbo ìyókù, irin, omi, èmi, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́, gbọ̀ngàn Mápó, wá jẹ́ ayálégbé tí àkókò rẹ̀ ti pé tí kò mọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ní bí bíńtín rẹ̀ bá bọ́ síta, ó lè sọ ohun tó bá fara kàn di irú ara rẹ̀. Ẹ̀rù ba ayé. Kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ Brookhaven ní Amẹ́ríkà ní 2000, ariwo ta. Wọ́n tàn án. Wọ́n tan ti CERN ní 2008. Ọjà'ba ná lọ́jọ́ náà, ó ná lọ́jọ́ kejì.

Adẹ́rùbani-má-dé!
Òjò tó ṣú tí kò rọ̀, tó ní kí a ká aṣọ!
Ológun orí ìwé!

Ní oṣù kẹrin 2002, NASA kéde pé ó jọ pé wọ́n ti rí yín. Ìràwọ̀ kan, RX J1856, kéré ju bí ìràwọ̀ nútírọ́nì ti ń kéré lọ. Wọ́n ní kúákì ni yóò wà nínú rẹ̀. Ìwé ìròyìn gbé e. Nígbà tó yá, wọ́n tún un wọ̀n: ó tóbi ju bí wọ́n ti rò, ó lè jẹ́ ọ̀kan lásán nínú àwọn yòókù. Ẹ kò bínú, ẹ kò wí nǹkan. Gbajúmọ̀ tí wọ́n ti kì tán kó tó di pé wọ́n rí i pé kò sí níjókòó! Èmi tí mò ń kì yín yìí, ọ̀nà wọn ni mò ń tọ̀.

Ẹ sì lawọ́. Ní 17 oṣù kẹjọ 2017, a gbọ́ ìró ìràwọ̀ nútírọ́nì méjì tó forí sọ ara wọn, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò rìn fún nǹkan bí 130 mílíọ̀nù ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wúrà sì wà lára ohun tó fọ́n jáde. Wúrà tó wà lọ́rùn ìyá ìyàwó lónìí, ó lè jẹ́ irú ìjà bẹ́ẹ̀ ló ti wá. Ọlọ́rẹ tí kì í ta ni lọ́rẹ àfi ọjọ́ tó bá kú! Ìyá ìyàwó, ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ olóògbé.

Ó ku ìwé oyè. A ti kọ ọ́, ó ti gba òǹtẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹsẹ̀ ara yín wá gbà á. Ẹ rán nútírínò. Ní 23 oṣù kejì 1987, ìràwọ̀ kan wó, ó rán irú wọn wá láìníye. Gbogbo èyí tí ẹ̀rọ ayé rí mú kò ju bíi 25 lọ. Wọ́n mọ ọ̀nà. Wọn yóò gba inú Bẹ́yẹrúnká kọjá, wọn kò ní dá ọkọ̀ dúró, wọn yóò gba inú onílù àti ìlù rẹ̀ kọjá láì fọwọ́ kan awọ. A ó na ìwé náà sí wọn. Bó bá bọ́ sílẹ̀, a ó mú un, a ó nù ún, a ó kọ orúkọ ẹlòmíràn sí i. Àwọn tó wúwo tí kì í gbẹ́rù kò wọ́n ládùúgbò yìí.