Bí Òmùgọ̀ Ṣe Ń Pàtẹ Ọrọ̀ Nínú Minecraft

Ẹ̀yin tí orí yín pé, ẹ ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ẹ kò ní rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Òmùgọ̀ ni mo wá bá sọ̀rọ̀. Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé kan nínú géèmù Minecraft, tí ilé ọ̀hún kò tíì ní ilẹ̀kùn, tí o ti ń wo ògiri pé ibo ni idà máa hàn sí jù, súnmọ́ mi. Ilẹ̀kùn lè dúró. Àlejò wo ló ń ki èèyàn kú iṣẹ́ nítorí ilẹ̀kùn?

Férémù la ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti wà nínú géèmù náà láti ọdún 2012, kò sì wọ́n: igi tẹ́ẹ́rẹ́ 8 pẹ̀lú awọ 1. Gé ìtì igi kan ṣoṣo, là á sí pákó 4, pákó 4 yẹn á di igi tẹ́ẹ́rẹ́ 8 gẹ́lẹ́. Tò wọ́n yí awọ ká lórí tábìlì iṣẹ́, ó parí. Ibi awọ ni àwọn èèyàn ti ń ya ara wọn sọ́tọ̀. Ọlọ́gbọ́n a kó màlúù méjì sínú ọgbà, a fún wọn ní àlìkámà jẹ, wọn a bímọ, awọ kò sì ní tán nílé rẹ̀ mọ́. Ìwọ, pa méjèèjì lójú ẹsẹ̀. Bí màlúù bá kú tí kò fi awọ kankan sílẹ̀, tó jẹ́ ẹran nìkan lo rí, má bínú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Jẹ ẹran náà, kí o wá màlúù mìíràn lọ.

Kí lo máa fi sínú férémù? Ohun tó dára jù lọ tí o ní, tí o kò ní èkejì rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń lẹ férémù mọ́ iwájú àpótí, wọ́n á fi òkúta kan síbẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé òkúta ló wà nínú rẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Mú dáyámọ́ńdì kan ṣoṣo tí o fi ọjọ́ mẹ́ta wà jáde, fi ṣe àkọlé àpótí dáyámọ́ńdì. Nǹkan kan kò ní sí nínú àpótí náà mọ́, ṣùgbọ́n àkọlé ńkọ́? Àkọlé ń dán.

Bí nǹkan bá ti wà nínú férémù, tí o tún tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ lò ó, kò ní jáde o. Yóò kàn yí díẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ló ń yí kó tó padà sí bó ṣe wà. Àwọn ọlọ́gbọ́n ti sọ èyí di kọ́kọ́rọ́: wọ́n á gbé comparator sẹ́yìn ògiri, òun ni yóò máa ka ibi tí nǹkan inú férémù kọjú sí, ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ kò sì ní ṣí àfi bó bá kọjú síbi tó yẹ. Ìwọ, máa tẹ̀ ẹ́ títí idà yóò fi dorí kodò, kí o fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé àrà ni.

Láti yọ nǹkan kúrò, gbá férémù lẹ́ẹ̀kan, ohun inú rẹ̀ á já bọ́. Gbá a lẹ́ẹ̀kejì, férémù fúnra rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Kò ní àgádágodo, kò sì ní bèèrè pé ta ló ni ín. Nítorí náà, bí ẹ bá pọ̀ lórí sáfà kan náà, ara ògiri ìta, lójú títì, ni kí o gbé idà rẹ kọ́. Bó bá di àárọ̀, tí idà ti rìn, ẹni tó mú un gan-an ni yóò bá ọ kẹ́dùn jù.

Bí o bá sì ń bẹ̀rù pé olè lè ṣìnà lóru, férémù tó ń tàn ti wà láti ọdún 2021. Po férémù lásán pọ̀ mọ́ àpò yíǹkì ẹja glow squid, ohun tí o bá fi sínú rẹ̀ á máa hàn kedere nínú òkùnkùn biribiri. Kíyè sí i pé ohun náà nìkan ló ń hàn. Kò tan ìmọ́lẹ̀ kankan sí ilẹ̀ yàrá. Ọlọ́gbọ́n mọ èyí, ó gbé tọ́ọ̀ṣì sí ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí òkùnkùn ni àwọn ẹ̀dá burúkú inú géèmù náà ti ń yọ. Ìwọ, kó gbogbo tọ́ọ̀ṣì kúrò, kí férémù lè yọ dáadáa. A ó padà wá síbẹ̀.

Èmi ò sọ pé pípàtẹ burú. Òdòdó nínú ìkòkò, máàpù àgbègbè rẹ lára ògiri, aago, gbogbo ìyẹn ń mú ilé dùn ún wò, bí wọ́n bá sì sọnù, ọ̀sán kan péré lo máa fi wá òmíràn. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó ń ka ìwé yìí ló máa gbé òdòdó kọ́?

Ó kan armor stand, igi tí wọ́n ń wọ̀ ní ẹ̀wù ogun. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ 6 àti pẹpẹ òkúta dídán 1 ni. Òkúta dídán yẹn, inú iná ìléru lo máa yan án sí lẹ́ẹ̀mejì: àkọ́kọ́, òkúta wẹ́wẹ́ á di òkúta, ìkejì, á wá dán. Yan án lẹ́ẹ̀kan, kí o wá dúró ti tábìlì iṣẹ́, kí o máa bú géèmù pé ó bàjẹ́. Nínú ẹ̀dà Java tó wà lórí kọ̀ǹpútà, igi náà kò lápá, nítorí náà gbìyànjú láti fi idà lé e lọ́wọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nínú ẹ̀dà Bedrock, èyí tó wà lórí fóònù, ó lápá, ó sì mọ ìdúró 13. O lè pa ilé tì kí o máa wo gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni kí o bọ́ ẹ̀wù netherite rẹ, láti orí dé ẹsẹ̀, kí o wọ̀ ọ́ fún igi. Igi kì í jagun, ṣùgbọ́n ó yẹ ẹ́. Ìwọ, fi ara lásán jáde sí òru.

Àwòrán ara ògiri kò lè gbà wá lákòókò: igi tẹ́ẹ́rẹ́ 8, irun àgùntàn 1, géèmù ló sì ń yan èyí tó máa yọ. Iṣẹ́ Kristoffer Zetterstrand, ayàwòrán ará Sweden, ni àwọn ti àtijọ́. Máa retí fọ́tò tìrẹ.

Ìkòkò ọlọ́ṣọ̀ọ́ ló dùn jù, torí pé ìrìn àjò wà níbẹ̀. Ọdún 2023 ló dé. Bíríkì 4 lásán tó ọ láti fi mọ ọ́, ṣùgbọ́n ìkòkò tí kò ní àwòrán lára, ta ló fẹ́ wò ó? Àpáàdì àtijọ́ ni kí o lọ wá, oríṣi 23 ló wà, ojú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwòrán tirẹ̀. Inú iyanrìn kan tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ ni òmíràn máa ń fara pamọ́ sí, nínú pírámídì aṣálẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì la fi ń gbá iyanrìn ọ̀hún, ìyẹ́ 1, bàbà 1, igi tẹ́ẹ́rẹ́ 1. Ó gba sùúrù: o ó máa gbá a, iyanrìn á máa jìn, orí àpáàdì á yọ, á tún yọ sí i, á wá bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Sùúrù kì í ṣe tìrẹ. Lo ṣọ́bìrì. Iyanrìn á fọ́, ohun inú rẹ̀ á bá a lọ, o ò ní mọ ohun tí o pàdánù, ìyẹn náà sì jẹ́ ìtura. Bí o bá wà níbẹ̀, yàrá kan wà nísàlẹ̀ tó ní àpótí 4 àti òkúta kékeré kan láàárín ilẹ̀. Àdó olóró TNT 9 ló wà lábẹ́ òkúta yẹn. Dúró lé e lórí kí o lè rí àwọn àpótí náà dáadáa.

Ká ní o tiẹ̀ délé, tí o mọ ìkòkò rẹ tán. Ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán gbá a máa gbé e lódindi. Ìwọ, dígà ni kí o fi gbé e kúrò lójú kan sí òmíràn. Àpáàdì lo kó wá, àpáàdì ni wàá kó padà. Ọfà kan ṣoṣo náà tó láti fọ́ ọ.

Bí o bá ti pa dírágónì, ẹyin rẹ̀ ńkọ́? Gbé e sí àárín pálọ̀, kí o pe àwọn ọmọdé pé kí wọ́n wá fọwọ́ kàn án. Ẹyin náà kì í gba ìfọwọ́kàn: á pòórá níbẹ̀, á sì bọ́ síbòmíràn nítòsí, bóyá lórí òrùlé, bóyá lẹ́yìn odi. Ẹ jọ máa wá a.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sínú yàrá tí o kó tọ́ọ̀ṣì kúrò nínú rẹ̀. Creeper, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá burúkú ọ̀hún, ti yọ níbẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀, ó kàn ń rìn tọ̀ ọ́ bọ̀. Bó bá ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ, ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ ló fi ń ṣe ṣíì kó tó bú gbàmù. Férémù, ìkòkò àti igi ẹ̀wù ti lọ, ìwọ náà ti kú, torí ẹ̀wù rẹ wà lára igi. Ibi tí ayé rẹ ti bẹ̀rẹ̀ lo ti máa jí, lọ́nà jíjìn, nítorí o kò tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kankan. O ní ó máa gba àyè férémù. Gbogbo ohun tó já sílẹ̀ nínú yàrá yẹn, ìṣẹ́jú 5 ni géèmù fún wọn kó tó pa wọ́n rẹ́. Jọ̀wọ́, sáré.