Ta Ló Gbé Ìwé Náà Dání?

Ẹni tó bá ń gbé Ẹgbẹ́dá, tó wá ń kàwé níbi tó jìnnà, mọ ohun tí ojú ń rí láti Ìgàndò dé Ìyànà-Ìbà. Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa wá kéde pé a lè máa ka ìwé ilé ìkàwé látilé, ijó ló kù kí n jó. Mo tẹ orúkọ ìwé tí mo ń wá sórí Google. Ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn yẹn sì ní kí n san dọ́là. Mo ti ń wá káàdì báńkì kiri nígbà tí àbúrò mi bi mí pé, "Ṣé kọ́lẹ́ẹ̀jì yín ò tíì sanwó ìwé ni?"

Wọ́n ti san án. Ẹnu ọ̀nà ni mo ṣì. Nínú ọgbà ilé ìwé, nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì ọgbà ni wọ́n fi ń dá akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohunkóhun. Bí o bá ti dé Ẹgbẹ́dá tó o tan dátà ara ẹ, èrò ọ̀nà lásán ni ọ́ lójú wọn. Àfi kó o gba orí wẹ́ẹ̀bù ilé ìkàwé wọlé, kó o tẹ nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ àti páswọ́ọ̀dù ẹ.

Mo gba ibẹ̀. Fáìlì kan wọlé sórí láàpútọ́ọ̀pù àbúrò mi wàì, tí ìparí orúkọ ẹ̀ jẹ́ .acsm. Fọ́tò WhatsApp kan ṣoṣo jẹ dátà jù ú lọ! Mo pe ará ilé wá wò ó, mo ní òyìnbó ti rí ọgbọ́n fún ìwé ńlá pọ̀. Mo tún fi ṣọwọ́ sí ọ̀rẹ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Rìsíìtì tí wọ́n fi ń gba ẹrù ní páàkì ni mo ń pín kiri. Adobe Digital Editions ló máa ń mú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ gbé ìwé gan-an wá, á sì tì í mọ́ orúkọ ẹni tó yá a. Ọ̀rẹ́ mi ò rí nǹkan kan kà. Mo sọ fún un pé fóònù ẹ̀ ló ti gbó.

Lọ́jọ́ kejì mo fi fóònù tèmi wá ìwé náà láìtẹ orúkọ mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnì kan ń lò ó lọ́wọ́. Ìwé tí kò ní páálí, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e lọ? Mo bọ́ sọ́kọ̀, ó di ọ̀dọ̀ màmá tó ń ṣọ́ ilé ìkàwé. Wọ́n fara balẹ̀ ṣàlàyé pé ẹ̀tọ́ ènìyàn kan lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n rà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dà kan lórí àtẹ. Bí ọjọ́ bá pé, ìwé á ti ara ẹ̀.

"Ta wá ni alákorí tó gbé e dání, mà?"

Wọ́n wo kọ̀ǹpútà wọn. "Ẹ̀yin ni, sà."

Ìwé tí àṣẹ-òǹkọ̀wé ti kúrò lórí ẹ̀ ò ní wàhálà yìí. Láti 1971 ni Michael Hart ti bẹ̀rẹ̀ Project Gutenberg ní Amẹ́ríkà, tí ó ń kó irú wọn sórí kọ̀ǹpútà fáráyé. Internet Archive tẹ̀ lé e ní 1996. Níbẹ̀ ni màmá náà juwe fún mi pé kí n ti wo The History of the Yorubas tí Samuel Johnson kọ. Ìwé yẹn náà sì rí nǹkan o! Johnson parí ẹ̀ ní 1897, ó sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ ní Ìlú Ọba, òǹkọ̀wé kú ní 1901. Àbúrò ẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn Jámánì gba Appam, ọkọ̀ òkun tó ń gbé e lọ, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó di 1921 kó tó jáde.

Mo wà á sórí fóònù láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi ò gba lẹ́tà wínníwínní, ni mo bá gbé e lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan lọ́nà Àkówọnjó, mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

"Gbogbo ẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Ó lé ní 600 pééjì o."

"Gbogbo ẹ̀."

Ọmọkùnrin náà tẹ kakulétọ̀, ó yí ojú ẹ̀ sí mi. Mo ní kó tẹ páálí iwájú nìkan.